Lórí Kẹ̀kẹ́ Oníná Kọjá Òkè Gotthard

Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òwe yìí ni ó ń dún ní etí mi ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ oníná kọjá òkè Gotthard ní ilẹ̀ Switzerland. Iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ mí di ẹni tí ń rí kíláàsì nínú ohun gbogbo. Kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí bá mi fara dà á, nítorí ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ní ọ̀nà náà kò jìnnà sí iṣẹ́ tí ó so wá pọ̀.

Kẹ̀kẹ́ oníná kì í ṣe alùpùpù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ìdí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, bátìrì sì wà lára ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹni tí ó gùn ún kò bá fi ẹsẹ̀ wà á, ẹ̀rọ náà yóò dákẹ́. Bí ó bá ń wà á, ẹ̀rọ yóò wọn agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí eré kẹ̀kẹ́ bá sì ti tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ìrànlọ́wọ́ náà yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò bẹ̀. Ẹni tí ó gùn ún ni yóò yan ìwọ̀n ìrànlọ́wọ́ tí ó fẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gbà á lápọ̀jù, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì yóò máa yára tán.

Orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí láti ọdún mélòó kan; láìsí ẹ̀rọ yìí, n kò lè dá irú òkè bẹ́ẹ̀ lába. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní yunifásítì ní òkè òkun, tí ó ti fi ẹsẹ̀ lásán wa kẹ̀kẹ́ gun òkè náà nígbà èwe rẹ̀, rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí kẹ̀kẹ́ tí mo yá. Ó ní, “Èyí kì í ṣe gígun òkè. Wọn yóò gbé ọ lọ ni.” N kò dá a lóhùn. Mo fẹ́ kí ọ̀nà bá mi dá a lóhùn.

Láti ìlú Altdorf ni mo ti gbéra. Gíga ibẹ̀ kò tó mítà 500 sí òkun, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti kọjá ní orí òkè ga tó mítà 2,106. Kò pẹ́ tí mo fi dé Erstfeld, níbi tí ẹnu ihò ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016 wà. Ihò náà gùn ní kìlómítà 57, kò sì sí ihò ọkọ̀ ojú irin tí ó gùn tó o ní ayé. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, èrò ti wọ abẹ́ òkè, ó sì ti yọ ní òdì kejì. Kò sí ẹni tí yóò bú u, nítorí ẹrù àti aláìsàn ń rí ọ̀nà tètè kọjá. Ṣùgbọ́n bí o bá bi èrò náà bí òkè ti rí, kò ní nǹkan kan tí yóò sọ.

Kí a tó dé Andermatt, ọ̀nà wọ inú ọ̀gbun Schöllenen, níbi tí odò Reuss ti ń hó yaya láàrin àpáta. Afárá tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Afárá Sàtánì. Ìtàn sọ pé ó sú àwọn ará Uri láti kọ́ afárá sí ibẹ̀, ni Sàtánì bá ní òun yóò kọ́ ọ, bí wọ́n bá lè fún òun ní ẹ̀mí ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá parí; wọ́n lé òbúkọ kan sí orí rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ìbá lè bá Ìjàpá jẹun! Síbẹ̀ mo ronú sí i bí mo ti ń wà á lọ: ìrànlọ́wọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí ni owó rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Andermatt, ìdajì bátìrì ti lọ, òkè tí ó kù sì lé ní mítà 600. Mo dín ìrànlọ́wọ́ náà kù sí èyí tí ó kéré jù. Lẹ́yìn abúlé Hospental, afẹ́fẹ́ dojú kọ mí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó ń wù mí kí n yí i sókè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo bá ná níbẹ̀, n kò ní rí i ná níwájú. Níbi tí ọ̀nà ti le koko nìkan ni mo ti fi díẹ̀ kún un, mo sì tún dín in kù. Nígbà tí mo dé orí òkè, létí àwọn adágún kéékèèké àti ilé àtijọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi, ẹ̀wù mi tutù fún òógùn, àyà mi sì ń lù kì-kì-kì. Ìdáhùn tí mo fẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn: a kì í làágùn ní ẹ̀yìn ẹni tí ó pọ̀n wá.

Ọ̀nà Tremola ni mo bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi òkúta tẹ́, tí ó ń lọ́ bí ejò. Ẹ̀rọ kò wúlò níbẹ̀. Bíréèkì àti làákàyè ni. Èdè Jámánì ni mo gbọ́ ní òwúrọ̀. Ní Airolo, ní ìsàlẹ̀ òkè, èdè Ítálì ni wọ́n fi kí mi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìrànlọ́wọ́ tí à ń ṣe fún ọmọ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀nà yìí. Ẹni tí ó kọ ìdáhùn sí ojú pátákó ní ọjọ́ ìdánwò ti kọ́ Afárá Sàtánì, òye ọmọ ni ó sì fi san owó rẹ̀. Ẹni tí ó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kọ, tí ọmọ ń há a sórí, ti gba abẹ́ òkè kọjá. Ẹni tí ó sì ní kí olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún ti gbàgbé àwọn tí orúnkún ń dùn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo bẹ̀ wò, ọmọbìnrin kan ka ìtumọ̀ bí omi ti ń di oruku fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo bi í pé kí ni ó dé tí aṣọ tí a sá fi ń gbẹ. Ó wolẹ̀. Mo tún un bi ní èdè abínibí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní oòrùn ni ó ń fa omi rẹ̀ lọ sí òkè díẹ̀díẹ̀. Òye náà wà nínú rẹ̀. Agbára díẹ̀ ni a kò fi kún un. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi èyí hàn: àwọn ọmọ tí a fi èdè Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, yálà Sókótó ni o ti ń kọ́ni tàbí Kàlàbá, fi èdè tí ọmọ gbọ́ ràn án lọ́wọ́, kí o fún un ní púpọ̀ níbi tí ó le, kí o dín in kù níbi tí ó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí o wò ó bóyá ọmọ ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà á. Bí ó bá dúró nígbà tí o dákẹ́, pípọ̀n ni o pọ̀n ọ́n.