Ọkàn Tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run Ṣí: Àkíyèsí Kéékèèké

Lìdíà kì í ṣe ẹni tí ìyà ń jẹ. Aṣọ elésè àlùkò ló ń tà, ọjà olówó ńlá, ọjà àwọn ọlọ́lá. Ará Tíátírà ni, àmọ́ ìlú Fílípì ló ti ń gbé. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun àti àwọn obìnrin mìíràn jókòó létí odò lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti máa ń gbàdúrà, ni Pọ́ọ̀lù bá wá bá wọn sọ̀rọ̀. Lúùkù tó kọ ìtàn náà sínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16 kò sọ pé obìnrin yìí ló ṣí ọkàn ara rẹ̀. Ó ní Olúwa ló ṣí i. Iṣẹ́ ti Lìdíà kò ju pé ó jókòó, ó sì ń gbọ́.

Bó ṣe ṣe ìrìbọmi tán, tòun tilé rẹ̀, ló bá ní àfi kí àwọn oníwàásù náà wá wọ̀ sílé òun. Ó rọ̀ wọ́n títí wọn ò fi lè kọ̀. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Kí orí náà tó parí, wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sì jáde lẹ́wọ̀n, ilé Lìdíà ni wọ́n gbà lọ. Oníṣòwò tó nílò ojú rere àwọn ará ìlú ló tún gba àwọn tí egbò ẹgba ṣì wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ní ọkàn ẹnì kan ti ṣí sí Ọlọ́run, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

*

Ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ Bíbélì tó wà lọ́wọ́ màmá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, pupa ni ẹ̀gbẹ́ ewé rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ní báyìí, àárín gbùngbùn rẹ̀ ti dúdú, ó ti fẹ́lẹ́, òróró àti òógùn ìka ti jẹ àwọ̀ pupa náà. Ibẹ̀ ni Sáàmù wà. Níhà Hábákúkù, ewé ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bó ṣe kúrò ní ilé ìtẹ̀wé.

A ò lè dá màmá lẹ́bi. Sáàmù 35 fún ọ̀tá, 91 fún ààbò, 121 fún ìrìn àjò, 23 fún gbogbo nǹkan: bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti mọ ibi tí yóò ṣí kó tó jókòó, ohun tó fẹ́ gbọ́ náà ni yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, Hábákúkù tí a ò ṣí yẹn gan-an ló bá Ọlọ́run ṣàròyé lójúkojú pé igbe òun ti pẹ́ láìrí ìdáhùn. Àdúrà tí màmá ń wá kiri lóru kúkú wà níbẹ̀, nínú ewé tó lẹ̀ pọ̀.

*

Ọba Jòsáyà ti lo ọdún kejìdínlógún lórí ìtẹ́ nígbà tí Hilikíà àlùfáà rí ìwé òfin nínú tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń tún ṣe. Ṣáfánì akọ̀wé gbé e lọ sáàfin, ó kà á sí ọba létí. Ọba gbọ́, ó fa aṣọ ọrùn rẹ̀ ya.

Ọdún gorí ọdún, Jèhóíákímù ọmọ rẹ̀ wà lórí oyè. Ìgbà òtútù ni, iná ń jó níwájú ọba, wọ́n wá ń ka ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà fún un. Bí òǹkàwé bá ti ka ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, á sọ ọ́ sínú iná, títí ìwé náà fi jóná tán. Bàbá fa aṣọ ya, ọmọ gé ìwé. Lára àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sun ún ni Gemaríà, ọmọ Ṣáfánì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ka ìwé fún bàbá ọba ló ń bẹ ọmọ ọba nítorí ìwé.

A lè jogún ilé, a lè jogún ilẹ̀, kódà a lè jogún àga ìdílé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn tó ń gbọ́ Ọlọ́run kò sí nínú ohun tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ogún. Ní ti Jeremáyà, ìwé mìíràn ló gbé fún Bárúkù. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un.

*

Ará Etiópíà tó wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 8, akápò ọbabìnrin ni. Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló jókòó sí, ó ń ka ìwé Àìsáyà sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí Fílípì ajíhìnrere tó sáré bá kẹ̀kẹ́ náà fi ń gbọ́ ọ. Fílípì bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Ẹlòmíràn nípò yẹn ì bá ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Akápò ní báwo ni yóò ṣe yé òun láìsí ẹni tó tọ́ òun sọ́nà, ó wá ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku gòkè wá jókòó ti òun.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́dọ̀ tiwa, bí olùkọ́ bá béèrè pé "Ṣé ó yé wa?", gbogbo kíláàsì á dáhùn papọ̀ pé "Ó yé wa o!" Àwọn olóyè ìjọ ni ohùn wọn máa ń ròkè jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ojú ló ń tini.

*

Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ pínyà, ó sì di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Ọmọ tí wọ́n kó lọ ti di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, Samuel Ajayi Crowther. Ta ni kò ní rò pé lọ́jọ́ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá yóò ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi? Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1848 ló tó gba ìrìbọmi, tó sì gba orúkọ Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Omijé ayọ̀ ti gbẹ pátápátá kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe náà kò yára: ìwé Róòmù ní èdè Yorùbá jáde ní 1850, odidi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ọkàn ọkọ yín yí padà lálẹ́ ìsọjí kan ṣoṣo, ẹ rọra.

*

Níwájú Ẹnubodè Omi ní Jerúsálẹ́mù, Ẹ́sírà ka ìwé òfin láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, gbogbo ìjọ sì dìde dúró nígbà tó ṣí ìwé náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀kọ́ kìíní àti ẹ̀kọ́ kejì kì í gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Ìkéde àti ìdúpẹ́ ló ń gba wákàtí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé àwọn èèyàn yẹn, wọ́n bú sẹ́kún. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú Nehemáyà orí 8 ni ohun tí àwọn aṣáájú ní kí wọ́n lọ ṣe: kí wọ́n dá ẹkún dúró, kí wọ́n lọ jẹ ohun ọlọ́ràá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì bu ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní. Abọ́ oúnjẹ tó kọjá sílé aládùúgbò wà lára ìsìn ọjọ́ náà.

*

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Holman Hunt, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán kan: Jésù gbé fìtílà lọ́wọ́ lóru, ó ń kan ilẹ̀kùn tí koríko ti hù bò. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ibi ìdìmú lára ilẹ̀kùn náà lóde. Ẹ̀dà ńlá rẹ̀ wà ní kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìfihàn 3:20 ló ti mú un. Ẹsẹ yìí làwọn ajíhìnrere wa fi ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde. Ẹ padà wo ẹni tí lẹ́tà náà wà fún: ìjọ Láódékíà, àwọn tó ti gbàgbọ́, tí wọ́n ní ọlọ́rọ̀ làwọn, pé àwọn ò ṣaláìní nǹkan kan. Wọ́n ń ṣe ìsìn lọ nínú ilé, ẹni tí wọ́n ń sìn wà lóde.

*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọdé Sámúẹ́lì sáré lọ bá Élì lóru kí bàbá tó mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pè é. Àwọn ọmọ wa a máa fi ìtàn yìí ṣeré lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, wọn á dá a dúró síbi tí Sámúẹ́lì ti dáhùn. Ohun tí Ọlọ́run wá sọ, wọn kì í ṣe é: ìdájọ́ lórí ilé Élì ni. Sámúẹ́lì dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó dìde, ó ṣí àwọn ilẹ̀kùn ilé Olúwa, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ.

Ẹni tó bá ní kí Ọlọ́run máa wí, kó múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Élì, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ní kí ọmọ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún òun, ó gbọ́ ọ, ó sì gbà. Ojú bàbá ti ṣú, etí rẹ̀ ò tíì di.

*

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọdé ka àkọ́sórí, ọ̀lẹ inú wọn ti mọ èyí tí yóò mú: Jòhánù 11:35, ẹsẹ kúkúrú tó sọ nípa ẹkún Jésù nígbà ikú Lásárù. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ á fajú ro. Ọdún á lọ, ọmọ náà á wá dúró létí sàréè ìyá rẹ̀, ìwàásù ọjọ́ náà ò ní wọ̀ ọ́ létí. Ẹsẹ tó fi ṣọ̀lẹ yẹn ni yóò yọjú. Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á.

*

Sáàmù 119 ni orí tó gùn jù nínú Bíbélì: ẹsẹ 176, ìpín 22, ẹsẹ mẹ́jọmẹ́jọ. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹsẹ ló ń yin òfin Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ rẹ̀, àṣẹ rẹ̀. Èèyàn á rò pé ẹni tó mọ̀wé tó báyìí yóò yangàn díẹ̀ ní ìparí. Ẹsẹ tó kẹ́yìn pátápátá ló ti jẹ́wọ́ pé òun ti ṣáko lọ bí àgùntàn, tó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó wá òun rí.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní òun ò tíì mọ Bíbélì tó kì í fi í bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán ni mò ń gbàdúrà fún.