Fóònù Ní Aṣọ Ogójì Ń Bẹ, Àṣé Mẹ́sàn-án Péré Ni!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí ní ọdún 2023, mi ò fẹ́ kí ojú ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi kankan tún rí i.

Aláàdìrẹ ni mí ní ọjà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Láti ọdún 1979, nígbà tí kàmpálà gbòde, ni mo ti ń jókòó ti ìyá mi ní ìsọ̀. Láti ìgbà náà, orí mi ni ìwé tí mo ń kọ ọjà sí. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá sọ iye oníko, iye alábẹ́rẹ́ àti iye èyí tí a fi àbẹ́là ṣe tó wà lórí pẹpẹ mi. Mi ò purọ́.

Ìgbà tó yá ni àbígbẹ̀yìn mi ti yunifásítì dé, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Mo ní kí ló burú ńbẹ̀? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá ti ṣí ọjà àdìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020. Ọmọ ya àwòrán aṣọ, ó kọ iye owó sí i. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ń kọ iye tó wà nílẹ̀ sí, ó bi mí pé òṣùbámbá mélòó la ní. Mo kà á, mo ní ogójì. Ó kọ 40.

Ogójì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú 40 yẹn, 19 ni aláwọ̀ aró, 12 jẹ́ aláwọ̀ kọfí, 9 jẹ́ aláwọ̀ ewé. Nínú 19 aláwọ̀ aró, 6 jẹ́ yáàdì méjì àbọ̀, torí oníbàárà kan ní kí n bá òun gé aṣọ mẹ́ta sí méjì méjì, kò sì padà wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ yáàdì márùn-ún ṣeé gé sí méjì, ṣùgbọ́n méjì àbọ̀ méjì kì í padà di márùn-ún mọ́. Gbogbo èyí ni èmi mọ̀ o. Fóònù ni kò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Òwu kú lọ́dún yẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wo àwòrán, ó ní òṣùbámbá aláwọ̀ aró lòun fẹ́ fún aṣọ ẹbí, yáàdì márùn-ún márùn-ún, ènìyàn 24. Ó rí i pé 40 wà nílẹ̀, ó sanwó lẹ́sẹ̀ kan náà. Kí ló tún fẹ́ pè mí fún? Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ tó ń bá mi tajà ti ta 4 fún oníbàárà kan láti Ìjẹ̀bú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún fóònù.

Nígbà tí a débi pẹpẹ, 9 péré ló kù. Mo pariwo mọ́ ọmọ mi. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní ogójì." Ẹnu mi wọhò.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró yóò ní kí n tètè rẹ 15 tó kù. Mo rẹ ẹ́, jàre! A fi ikó di aṣọ mọ́jú, a pò aró, a rì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀: àwọ̀ kò jọra. Bí kọ́sítíìkì bá fi díẹ̀ lé, tàbí tí aṣọ funfun náà wá láti ọwọ́ ẹlòmíràn, aró yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. (Ọ̀rọ̀ aró kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá ìjà sílẹ̀ nílùú yìí. Ní 1936, àwọn ìyá wa aláró bá Aláké Adémọ́lá Kejì fa ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó.)

Ọjọ́ ìsìnkú, èmi náà wọ tèmi nínú èyí tuntun. Mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn mi tó ní, "Ṣé ẹbí méjì ló ń ṣòkú yìí ni?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kò bú mi. "Ẹ ṣé, Màmá," ló sọ, ó sì kọjá. Mo dá owó 15 padà fún un, 9,000 náírà lọ́nà 15, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Kò pè mí fún ọdún kan gbáko.

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe báyìí. A kì í kọ "òṣùbámbá" lásán mọ́. Òṣùbámbá aró yáàdì márùn-ún ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé àti lórí fóònù, ti yáàdì méjì àbọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Bí a bá gé ọ̀kan, a yọ ọ̀kan kúrò níhìn-ín, a fi méjì kún tọ̀hún. Aró tí a rẹ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀. Mo gé àjákù rẹ̀ mọ́ inú ìwé, torí "búlúù" tí oníbàárà ń pè ju oríṣi mẹ́fà lọ lórí pẹpẹ mi. Bí 10 bá wà nílẹ̀, 8 la ń fi han fóònù, kí a lè rí nǹkan tà fún ẹni tó bá wọlé. Mo sì ń tọ́jú aṣọ funfun tí a kò tíì rẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí òun ṣì lè di àwọ̀ yòówù.

Ẹ̀yin tó ń rán bàtà, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ aláàdìrẹ nìkan. Bàtà 30 tó jẹ́ 38 látòkè délẹ̀ kò wúlò fún ẹlẹ́sẹ̀ 42.

Gbogbo aṣọ ló ní páálí kékeré tí a so mọ́ ọn. Ẹni tó bá tà á yóò já páálí sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, lálẹ́ ni ọmọ mi yóò dà á sílẹ̀, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Àwọn ará ìsọ̀ wa fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní mo ti di akọ̀wé bánkì.

Lálẹ́ àná, aṣọ méje la tà, páálí mẹ́fà ló bọ́ sílẹ̀ nínú agolo. A ṣì ń wá ìkeje bí mo ti ń kọ ìwé yìí.