Orí Ta Ni Yóò Rù Ú? Ìrìn-àjò Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àjàṣẹ́ dé Kétu

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá mi ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n bí mi sí, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Kétu ni bàbá mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni bàbá tó bí i. Síbẹ̀, inú tẹlifóònù nìkan ni ojú tèmi ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta tí olùkọ́ fún wa ní kíláàsì ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìtìjú ni èyí, òun náà ni ó sì gbé mi dé ojú ọ̀nà Kétu.

Iṣẹ́ kìíní ni pé kí a wọn ilé kan, kí a sì yà á sórí ìwé. Mọ́sáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ ni mo yàn, èyí tí àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ Àgùdà, ìran àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá, kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí iwájú rẹ̀ jọ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Bí mo ṣe ń ya fèrèsé àti òpó rẹ̀ ni mo ń rò ó pé ọwọ́ kì í gbàgbé ohun tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ nínú ìnira lókè òkun ni wọ́n fi kọ́ ilé àdúrà tiwọn nígbà tí wọ́n délé.

Iṣẹ́ kejì ni kí a fi ohun àlòkù ṣe ọnà. Kò sí ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí tí kò mọ orúkọ Romuald Hazoumè, ẹni tí wọ́n bí ní ìlú wa ní 1962, tó ń sọ àwọn bidon àlòkù di ojú ènìyàn. Ní 2007, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ra iṣẹ́ rẹ̀ La Bouche du Roi, nínú èyí tí ó to àwọn bidon bẹ́ẹ̀ jọ bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú. Èmi náà wá bidon kan, mo gé e sí méjì, ọwọ́ rẹ̀ di imú, ẹnu rẹ̀ di ẹnu. Olùkọ́ wa wò ó títí, ó ní, "Iṣẹ́ Hazoumè ń wo ayé. Tìrẹ ń wo Hazoumè." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ní iṣẹ́ kẹta, wọ́n ní kí a da ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ọnà. Mo wo àwòrán ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan lórí tẹlifóònù: ojú obìnrin tó tutù pẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀, ẹyẹ àti ejò tó ń bá ara wọn jà lókè orí rẹ̀. Mo yà á sínú kọ̀ǹpútà, mo gé pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì fi mọ́tò kékeré kan àti bátìrì sí i kí ẹyẹ náà lè máa ṣá ejò jẹ. Lórí tábìlì, ẹyẹ ń ṣá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ kò pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Orí ta ni yóò rù ú?" Ọ̀rẹ́ mi kan gbé e lé orí. Kílò 6 ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ère yẹ̀, wáyà já, ẹyẹ dákẹ́. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èyí gan-an ló sì dùn mí jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo wọ tasí. Ọ̀nà náà gba Sakété àti Pobè kọjá, ọ̀pẹ sì ń tẹ̀lé wa lọ ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí a ṣe ń sún mọ́ Kétu ni ilẹ̀ túbọ̀ ń pọ́n, títí eruku pupa fi bo bàtà mi. N kò tíì lọ sílé ẹnikẹ́ni tí mo fi dúró ní Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́, níbi tí odi amọ̀ àti yàrà ti ń ṣọ́ ìlú nígbà ìwáṣẹ̀. Ní 1886 ni ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ní 1894 ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú náà tẹ̀ dó. Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà. Amọ̀ lásán ni. Bí òjò bá ti wẹ amọ̀ lọ, àfi kí ọwọ́ ènìyàn tún un rẹ́. Ohun tó bá pẹ́ níbẹ̀, àtúnṣe ló mú un pẹ́.

Àbúrò bàbá bàbá mi ni mo lọ bá. Mo kí i bó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá. Ó gbé orí sókè, ó kì mí ní oríkì ilé wa, ó wá ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ rẹ rèé?" N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Mo fi àwòrán ère mi hàn án lórí tẹlifóònù. Ó wò ó tìyanutìyanu, ó yin ẹyẹ náà, lẹ́yìn náà ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó sì fi wọn orí mi yíká. "Orí ni à ń kọ́kọ́ wọ̀n," ó wí, "kí a tó wá igi lọ."

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ó fi yé mi pé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bo ojú. Orí ni a ń dé e sí bí fìlà, aṣọ ni ó ń bo ojú oníjó, ibi aṣọ náà ni ó sì ti ń ríran. Nítorí náà igi tó fúyẹ́ ni a ń lò, a sì ń gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní kíláàsì, wọ́n ti kọ́ wa ní orúkọ ìpele mẹ́rin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá máa ń tẹ̀lé: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Mo ti há wọn sórí bí ọmọ tó há ìṣirò sórí. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti rí wọn. Àáké ni ó fi la ìrísí orí jáde. Àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni ó fi lé e lẹ́ẹ̀kejì, tí imú, ẹnu àti etí fi yọ. Ọ̀bẹ ni ó fi ń dán an, tí ó sì fi ń fín in. Ní ti ẹyẹ tó ń mì, ó fi ihò kan hàn mí nínú ère àtijọ́ kan, níbi tí okùn gbà wọ abẹ́ aṣọ lọ títí dé ọwọ́ oníjó. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Ọwọ́ oníjó ni ẹ̀rọ rẹ̀, ìlù ni ó sì ń sọ ìgbà tí yóò fà á.

Mo bi í pé kí ló dé tí ojú ìsàlẹ̀ fi máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀ bí ìjà tilẹ̀ wà lókè. Ó ní, "Àwọn ìyá wa ni à ń fi eré náà tù lójú. Ìwọ a máa fi ojú líle bẹ ìyá rẹ?" Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo aráyé, ní 2008 ó sì wọ inú àkójọ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Mo ti ka èyí nínú ìwé. Ìdí tí ojú ère fi tutù ni n kò rí kà.

Ní ọjọ́ kejì, ó fún mi ní ọ̀bẹ kí n dán etí ère tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jù. Etí náà ya. Lórí kọ̀ǹpútà, ìka kan ni n bá fi tẹ̀ ẹ́ kí ohun gbogbo padà bọ̀ sípò. Igi kò mọ ìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Kò bínú. Ó gba ọ̀bẹ, ó gé èyí tó kù lára etí náà, ó fa ìlà gèlè orí ère náà wálẹ̀ títí tó fi bo ibẹ̀, ó wá ní, "Etí ti di etí gèlè." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, zémidjan ni ìyẹn náà sì ń gùn bí kò bá sí iṣẹ́. Ó ní, "Bàbá rẹ ló yẹ kó jókòó síbi tí o jókòó sí yìí." Kí n tó lọ, ó tú aṣọ kan, ó fi irinṣẹ́ bàbá bàbá mi hàn mí. Ó tún dì í padà. Ó ní ẹni tó bá padà wá ni a ń fún.

Ní Àjàṣẹ́, mo tún iṣẹ́ mi ṣe. Orí ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Kọ̀ǹpútà ni mo ṣì fi ya á, nítorí kò sí ẹ̀bi lọ́rùn kọ̀ǹpútà. Èmi ni n kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Mo gbẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi di kílò 2, mo yọ mọ́tò, mo fi okùn sí i. Ọ̀rẹ́ mi jó, ẹyẹ ṣá ejò jẹ ní ìgbà tí òun fẹ́, olùkọ́ sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Tógò, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó ya ohun ìlú yín sínú ẹ̀rọ, ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe é, nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó ṣì máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì di igi mú bó bá ń gbẹ́ ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A ti fohùn ṣọ̀kan pé àwa méjèèjì ni yóò jọ lọ sí Kétu nígbà ọlidé tó ń bọ̀. Ojú mi kò tíì dé òpin ìran, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà.