Abẹ́rẹ́ Kọ́ Ni Màlúù Kọ́kọ́ Ń Fẹ́

Ní Libreville tí mò ń gbé, wàrà inú páálí àti ti inú agolo tó ti òkè òkun wá ni a sábà máa ń rà. Eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn ran ẹran kò jẹ́ kí màlúù oníwàrà rọrùn láti sìn nínú igbó Gàbọ̀n. N kò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ oyún màlúù lè gba oorun lójú mi, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn.

Abo màlúù mẹ́ta ló ní. Ó ti tó oṣù 6 tí wọ́n ti bímọ, kò sì sí èyí tó tún wá akọ. Ẹnì kan sọ fún un pé abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù wà, ó wá ní kí n fi owó ránṣẹ́.

“Àbúrò mi, tí wọn ò bá lóyún, wàrà á gbẹ, owó iléèwé àwọn ọmọ náà á sì gbẹ.”

Mo kàwé nípa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Ní 1995 ni àwọn onímọ̀ ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Ovsynch jáde: GnRH lónìí, prostaglandin lẹ́yìn ọjọ́ 7, GnRH mìíràn lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 2, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi àtọ̀ akọ sínú abo náà. Kò sí pé à ń ṣọ́ ìgbà tí yóò wá akọ.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe oúnjẹ. Ilé ọmọ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń lò tó oṣù kan ààbọ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Bí ó bá tún ń fún ọmọ lọ́mú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ, ara rẹ̀ á pa ọ̀rọ̀ oyún tì. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kódà màlúù tó jẹun yó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí tó lóyún lẹ́ẹ̀kan náà kì í tó ìdajì.

Mo bi í léèrè: “Bùọ̀dá mi, ta ló máa gún wọn?”

“Ìyàwó mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tèmi lọ.”

Àyà mi já. Oyún oṣù 5 wà nínú ìyàwó rẹ̀. Prostaglandin lè gba awọ ara wọlé, ó sì lè ba oyún jẹ́. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bákan náà, bí ọ̀kan nínú àwọn màlúù náà bá ti lóyún tí a kò mọ̀, abẹ́rẹ́ yìí lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n eérí àgbàdo, iyọ̀ àti owó iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo ní kí ó fi ṣe. Lẹ́yìn oṣù 2, ọ̀kan wá akọ. Àwọn méjì tó kù, dókítà ni yóò pinnu bóyá wọ́n nílò abẹ́rẹ́.

N kò bá abẹ́rẹ́ jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé, ẹ wo inú ọpọ́n ìjẹun ẹran yín kí ẹ tó wo inú ìgò oògùn, ẹ má sì jẹ́ kí aboyún di ìgò náà mú.