Ẹ̀rín Inú Àdúrà: Àkọsílẹ̀ Láti Ìgànmú

Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-Èdè, tó rí bíi fìlà sójà ní Ìgànmú yìí, l’Ékòó, 1976 ni wọ́n ṣí i, ṣáájú FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ọdún 1977. Ní 2024, Ààrẹ Tinúbú fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Ó yẹ ẹ́. Ṣóyínká ló kọ eré Jero, wòlíì etí òkun tó ń fi ìran jẹun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1960. Títí dòní, ta ni kò mọ Jero kan ládùúgbò rẹ̀?

*

Ẹ̀bútè Mẹ́ta kò jìnnà síbí. Ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀ ló ní kí òṣèré Hubert Ògúndé ṣe eré ọgbà Édẹ́nì ní 1944. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, Ògúndé gbé ìyanṣẹ́lódì àti ebi sórí ìtàgé. Ní 1964, eré rẹ̀ Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di 1966 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an níṣẹ́ àkọ́kọ́, ìlú ló bá iṣẹ́ náà dé.

*

Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ní 1959. Nígbà tó yá, Bàbá Sàlá aláwàdà gba orí rẹ̀ wọlé wá bá wa ní pálọ̀. Lónìí, apanilẹ́rìn-ín tó ń jẹ́ Wòlíì Àgbà ń bá wa nínú fóònù.

*

Apanilẹ́rìn-ín Gbénga Adébóyè (1959–2003) gba oyè mẹ́ta pọ̀: Alhaji, Pásítọ̀, Olúwo. Lórí rédíò àti nínú àwo rẹ̀, ó ń fi èdè ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tó ru oyè mẹ́ta kò lè fi ọ̀kan ṣẹ̀sín kó má kan òun náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

*

Nínú búkà kan nítòsí ibùdó rélùwéè, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ owó gáàsì. Ìyá olóúnjẹ gbé ìgbakọ gbẹ̀gìrì dúró: “Ààwẹ̀ ò tíì dé, sílíńdà mi ti ń gbà á.” Bàbá kan tó gbé bùtá lọ́wọ́ dáhùn pé: “Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọsìn, ìyá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, àdúrà náà sì ni.

*

Ní 2004, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n má gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde mọ́. Òfin náà dára. Àmọ́ ọmọ tó ti fi Jero rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ẹ̀rí.

*

Ní Kétu ilẹ̀ Benin, lóru ọjọ́ ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀, agbábòjú tó ń kọrin, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí: olè, onírìkíṣí, olóyè tó ń jẹ ìlú run. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn mú un, torí ìsìn ló ń ṣe. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lára ogún aráyé ní 2001. Ìjúbà ló fún un lẹ́nu láti bẹnu àtẹ́ lu alágbára.

*

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gba gbọ̀ngàn Ìgànmú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí álífáà, pásítọ̀ àti babaláwo jókòó pọ̀, kí wọ́n ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ fún wa, kí wọ́n pa wá lẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì bá ẹni tó ń jẹ gàba wí. A ní àwọn tó lè ṣe é. Ẹ fún wọn láyè.