Màjàlà Tí Ojú Kò Rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá ń jó oko, màjàlà a ṣòfófó. Ṣùgbọ́n nínú èéfín oko, màjàlà tí ojú rí kọ́ ni ó burú jù. Irun imú àti ikun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Eruku tí ojú kò rí ni ó ń ṣọṣẹ́, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ó to nǹkan bí 30 rẹ̀ kí ó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Ó ń bá èémí wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ru ásímà sókè lára ẹni tí ó ní in, ó ń sọ àyà ọmọdé di ilé òtútù àyà, ó sì ń ni ọkàn arúgbó lára.

Ìpínlẹ̀ Punjab àti Haryana ní Íńdíà mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá ti kórè ìrẹsì tán níbẹ̀ ní oṣù October àti November, pòròpórò rẹ̀ a ṣẹ́kù sórí ilẹ̀. Àgbẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó gbin àlìkámà. Ìṣáná ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Kí ló fún àkókò náà pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2009, ìpínlẹ̀ méjèèjì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tètè gbin ọ̀mùnú ìrẹsì sínú oko, kí omi abẹ́ ilẹ̀ má baà gbẹ. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń dáàbò bo omi ti ìkórè bọ́ sí ìgbà tí òtútù ń wọlé, tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ dáadáa, tí èéfín sì ń rọ̀ mọ́lẹ̀. Èéfín yìí a gbéra lọ sí Delhi, a sì pàdé ti ọkọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù November, ọdún 2019, wọ́n kéde ewu ìlera fún gbogbo ìlú náà, wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa.

Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ará ìlú a máa pe àgbẹ̀ ní ọ̀tá. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tí ó dáná ni èéfín kọ́kọ́ ń wọ̀ lójú, àti pé ọmọ rẹ̀ ń sùn nítòsí oko náà. Ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí ọ̀ràn àyíká ti ka sísun pòròpórò léèwọ̀ ní ọdún 2015; iná kò kú. Láti ọdún 2018, ìjọba ń fi owó ṣèrànwọ́ fún ríra ẹ̀rọ tí ń gbin àlìkámà sáàárín pòròpórò láìdáná. Ìyẹn sàn ju ìbáwí lásán lọ, nítorí ó gbà pé àìdáná ní iye tirẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san án.

Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń sun ìgbẹ́, nígbà tí eruku ọyẹ́ ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí a kò bá fi owó àti ọgbọ́n san iye àìdáná, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ni yóò máa san án.