Òru Kan Lórí Òkè Shere

 Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé Jọ́ọ̀sì àti agbègbè rẹ̀ ti lo ogún ọdún, àní ọgbọ̀n ọdún, ní ìlú yìí láìgun òkè kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọjà, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí á wọ mọ́tò lọ sílé nígbà Kérésì tàbí Iléyá, ó parí. Àkọ́bí mi ló mú kí tèmi yàtọ̀.

Ní oṣù December 2000, ó kù díẹ̀ kí ó lọ sí yunifásítì nílẹ̀ Yorùbá. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá bi mí nílé pé báwo ni Jọ́ọ̀sì ṣe rí, kí ni n ó sọ? Ibẹ̀ ni ẹ bí mi sí, n kò sì mọ̀ ju ọ̀nà ọjà lọ. Ẹ jẹ́ kí á lọ sun orí Òkè Shere mọ́jú." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ìyá wọn kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Ìbejì, ta ló lé yín nílé tí ẹ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sórí àpáta nínú ọyẹ́?" Síbẹ̀ òun náà ló wá súwẹ́tà jáde, tó sì bu ògì gbígbóná sínú fúláàsì.

Òkè Shere wà ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí ìlà-oòrùn ìlú. Jọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Ṣóńṣó òkè yìí sún mọ́ mítà 1,830. Ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, láti àríwá ìlà-oòrùn, kò sì sí igbó tí yóò dá a dúró kí ó tó kọlu àwọn àpáta wọ̀nyí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òtútù lè já dé ìwọ̀n 10 ní Celsius, tàbí kí ó tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

A kò gun òkè láìtọrọ ààyè. Mo mú obì àti iyọ̀ lọ sí abúlé tó wà nísàlẹ̀, a sì fi Hausa kí bàbá arúgbó kan tó ń da ewúrẹ́. Orí òkè pátápátá ni àwọn ọmọ fẹ́, kí wọ́n lè rí iná ìlú. Bàbá náà mi orí. Ó ní ìran ni à ń wò níbẹ̀, a kì í sùn níbẹ̀. Ó ní kí á máa wo ilẹ̀ bí a ti ń gòkè. Ibi tí a bá ti rí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó pọ̀ lẹ́yìn àpáta, ibẹ̀ ni kí á dúró, nítorí ewúrẹ́ kì í dùbúlẹ̀ sójú atẹ́gùn.

Ní agbede méjì òkè la rí i, lẹ́yìn àpáta kan tó ga ju ilé wa lọ, tó kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Mo na ìnujú mi síwájú àpáta náà, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo yí sẹ́yìn, ó rọ wọ̀ọ̀. Àwọn ìbejì ń sá yí àpáta po, wọ́n ń pariwo pé, "Níhìn-ín à ń gbọ́ra wa, lọ́hùn-ún a ò gbọ́!" Kẹ́hìndé tún rí kòtò kan nísàlẹ̀ tí koríko rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni òtútù máa ń ṣàn sí lóru. Mo ní ó tì.

Tapólì tí mo fi ń bo ẹrù ni àgọ́ wa. Ilẹ̀ àpáta kò gba èèkàn, nítorí náà a so okùn mọ́ òkúta ńláńlá. Òtútù ilẹ̀ burú ju ti afẹ́fẹ́ lọ, a tẹ́ koríko gbígbẹ, a tẹ́ ẹní méjì lé e. A kò dáná rárá. Koríko inú ọyẹ́ dà bí ẹ̀tù ìbọn, oko àwọn ẹlòmíì sì wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìbejì ti sùn, afẹ́fẹ́ ń kọjá lókè orí wa bíi lọ́rì tó ń gba ọ̀nà Bauchi. Lábẹ́ rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà náà ni àkọ́bí mi sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní wọn yóò fi Yorùbá òun rẹ́rìn-ín, nítorí Hausa kún inú rẹ̀. Kò sọ ọ́ nílé rí, èmi pàápàá kì í sì í délé lọ́jà kí ó tó sùn. Mo sọ fún un bí bàbá mi ṣe fi rélùwéè dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láìgbọ́ ẹyọ Hausa kan, tí gbogbo ọjà ń fi í rẹ́rìn-ín, tó sì ń tà bẹ́ẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí ògì fi tán.

Ó lọ ní January. Ní ọjọ́ 7 oṣù September 2001, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, òmíràn tún bẹ́ ní 2008 àti 2010. A kò tún sun òkè náà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nísinsìnyí, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí ààbò ti rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ará abúlé, kí ó mú èrò dání, kí ó sì lọ lójú ọ̀sán. Ní ìgbà òjò, mànàmáná kò jẹ́ kí orí òkè ṣeé dúró sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ àwọn ihò kùsà àtijọ́ tí omi kún.

Àkọ́bí mi ti di baba ọmọ mẹ́ta. Ní ọdún tó kọjá ó kó wọn wá, a gun òkè náà láàárọ̀. Àbígbẹ̀yìn wọn ló kọ́kọ́ rí ìgbẹ́ ewúrẹ́. A jẹ ìrẹsì lẹ́yìn àpáta náà, a sì ti délé kí agogo mẹ́rin tó lù.